Bí fóònù bá ń kàwé fún yín, ta ló ń yẹ fóònù wò?

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu òwò. Báyìí, fóònù ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Fóìsì ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀, fóìsì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹni tó bá kọ̀wé ránṣẹ́, mo ti mọ ibi tí mo máa tẹ̀ tí fóònù á fi kà á sí mi létí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n wá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé kí n má tiẹ̀ sanwó lẹ́sìnì tòun mọ́, torí ẹ̀rọ ló ń bá òun kọ àròkọ. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá lọ, ṣé Yorùbá ni kí n kọ́kọ́ kọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé òótọ́ lọmọ mi sì ń sọ?

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà, ẹ ó jèrè o. Ẹ lọ sí kíláàsì náà. Ẹ jẹ́ kí n ti fi ìyẹn lélẹ̀ ná kí n tó máa rojọ́.

Ọmọ yín ò kúkú parọ́ tán. Ohun púpọ̀ wà tí à ń torí ẹ̀ wá ẹni tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀, tí fóònù ti gbà lọ́wọ́ wa. Láti ọdún 2013 tí WhatsApp ti gbé fóìsì jáde, ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ní London tàbí Houston ṣàwàdà láìwá akọ̀wé kankan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́ àgbàlagbà ní ìwé kíkà, mo sì mọ irú ìtìjú tó máa ń bá ẹni tó ń gbé lẹ́tà kiri, tó ń wá ẹni tó máa bá a kà á, pàápàá bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ohunkóhun tó bá gba irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn, n kò ní bá a jà.

Ibi tí èmi àti ọmọ yín ti pínyà nìyí: ẹni tí wọ́n ń kàwé fún, ọ̀rọ̀ á dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó di dandan kó gba ẹni tó ń kà á gbọ́, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fojú ara rẹ̀ kà á lè dúró, ó lè padà sókè, ó lè fi ìlà kẹta wé ìlà kìn-ín-ní, ó lè sọ pé "ẹ dúró ná, èyí ò bá tàná mu." Ẹ̀yin náà kì í ra ìdì léèsì kìkì nítorí pé ẹni tó ń tà á ní ó dáa, ẹ ó tú u, ẹ ó fọwọ́ rà á, ẹ ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Bó ṣe yẹ ká máa ṣe ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pàápàá lásìkò yìí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jà ju aṣọ lọ.

Ká mú ti owó kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ló ti ń ta ọlọ́jà lára jù. Oníbàárà kan dúró níwájú ìsọ̀ yín, ó ti yan léèsì, ó ní òun ti ṣe tíránsífà. Fóònù yín dún. Ẹ wò ó, ẹ rí 85,000. Ẹ ní kí ọmọ ọjà di ẹrù fún un. Nígbà tó di alẹ́, owó ò sí nínú àkáǹtì: alẹ́ẹ̀tì òfegè ni. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ mọ̀ pé iye owó ni ojú ọlọ́jà máa ń lọ sí, torí náà iye owó ni wọ́n ń kọ dáadáa jù lọ. Ara ohun tó kù ni àṣírí ti máa ń tú. Ta ló fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ṣé orúkọ báńkì yín ló wà lókè ni, àbí nọ́ńbà fóònù lásán? Nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé tiyín ni? "Credit" ni àbí "Debit"? Iye tó wà nínú àkáǹtì lápapọ̀, tí wọ́n máa ń kọ "Bal" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣé ó bá iye tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ mu bí ẹ bá ti ro 85,000 mọ́ ọn? Ẹni tó mọ̀wé á ti yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí ọmọ ọjà tó wá ọ̀rá.

Bí ẹ bá ní kí fóònù kà á sí yín létí ńkọ́? Á kà á, á sì kà á já geere. Ohùn tó fi ka alẹ́ẹ̀tì gidi náà ló máa fi ka ti òfegè. Kò ní dánu dúró níbi tó yẹ kí ara fu yín. Alẹ́ẹ̀tì nìkan ò sì tó. Inú àkáǹtì gan-an ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó tú ẹrù sílẹ̀, ibẹ̀ náà, ìwé lẹ máa bá. "Successful" ni owó tó ti wọlé. "Pending" ṣì wà lọ́nà. "Failed" kò lọ rárá. "Reversed" ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọlọ́jà tó bá dá ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí mọ̀ lójú, kódà kó má tíì mọ ìyókù, ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí tíránsífà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kàwé fúnni yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa àwọn lẹ́tà-ráítà tó máa ń gbé tábìlì àti taipuráítà sẹ́bàá pósí-ọ́fíìsì àti kóòtù. Èèyàn á ro ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á tẹ̀ka, á sanwó. Ìjọba òyìnbó rí i nígbà náà pé ẹni tó jókòó sáàárín èèyàn àti ìwé lè yí ọ̀rọ̀ padà, ni wọ́n bá ṣòfin láti dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, òfin náà sì ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí dòní. Ẹni tó bá gbowó kọ̀wé fún un gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà. Kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sì tó tẹ̀ka, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kà á sí i létí, kí wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i nísàlẹ̀ ìwé ilẹ̀ pé ẹnì kan jẹ́rìí pé òun kà á, òun sì túmọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó mọ̀wé ló fura sí. Fóònù tó ń kàwé fún yín lónìí kò kọ orúkọ sílẹ̀, kò sì ní àdírẹ́sì tí ẹ lè mú ọlọ́pàá lọ.

Ẹ tún wo owó yíyá orí fóònù. Ẹni tó fẹ́ fi owó kún ọjà á gbé áàpù ayánilówó sórí fóònù rẹ̀, á tẹ ibi tí wọ́n kọ "I agree" sí, owó á wọlé kíá. Ohun tí kò kà ni pé ó ti fún wọn láyè láti kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, wọ́n á máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí àwọn oníbàárà rẹ̀, pé ajigbèsè ni, pé kí wọ́n sá fún un. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022, tí Google náà sì sọ ọ́ di èèwọ̀ ní 2023 pé kí áàpù ayánilówó máa fọwọ́ kan nọ́ńbà inú fóònù ẹni. Ká ní ẹ fẹ́ kí fóònù ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí yín létí, oorun á ti gbé yín lọ kó tó dé ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn sí. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ gùn.

Ní ti fóìsì àwọn oníbàárà yín, ẹ jẹ́ kí n ya àpẹẹrẹ kan fún yín, ẹ ó dá a mọ̀. "Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọjà ńkọ́? Ara ọmọ yẹn ti yá báyìí, a dúpẹ́. Ṣé ẹ rántí aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn? Ẹ bá mi gé yáàdì mẹ́wàá níbẹ̀. Rárá, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjìlá. Àbí ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà fẹ́, ẹ kúkú jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹ gé márùn-ún lọ́tọ̀ o. Ẹgbàárùn-ún tí mo san lọ́jọ́sí, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, màá mú ìyókù wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọ̀gá o." Ó dùn gbọ́. Èèyàn gidi ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀yàyà ẹ̀ ń ta yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó bá dé tó ní méjìlá lòun sọ, fóìsì mélòó lẹ máa tẹ́tí sí kí ẹ tó rí ibi tó ti yí i sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ọmọ ọjà yín ńkọ́, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ka owó, tó gbọ́ "ẹgbàárùn-ún" tó sì kọ 5,000 sílẹ̀ torí "árùn-ún" ló dún sí i létí, nígbà tó jẹ́ 10,000 lobìnrin náà san?

Bó ṣe yẹ kó wà nínú ìwé nìyí: "Aláwọ̀ ojú ọ̀run, yáàdì 15, gé e sí 10 àti 5. Yáàdì kan 3,000. Àpapọ̀ 45,000. Ó ti san 10,000. Ó ku 35,000." Ẹ máa kọ ọ́, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kan péré. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tẹ "ojú ọ̀run" síbi àyẹ̀wò lórí WhatsApp, á yọ sí yín. Fóìsì kò ṣe é wá bẹ́ẹ̀. WhatsApp ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fóìsì di ọ̀rọ̀ kíkọ fún àwọn èdè kan láti ìparí ọdún 2024, ẹ sì wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fóìsì gan-an rí i pé ìgbà mìíràn wà tí èèyàn á fẹ́ kà á ju kó gbọ́ ọ lọ. Kò yani lẹ́nu. Àgbàlagbà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà dáadáa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ 240 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìkánjú kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 150. Fún ọlọ́jà tí èrò dúró níwájú rẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

N kò ní kí ẹ pa fóìsì tì o. Ẹ máa fi kí èèyàn, ẹ máa fi bẹ oníbàárà tó ń bínú, ẹ máa fi ná ọjà. Iye, ọjọ́, yáàdì àti gbèsè ni kí ẹ máa kọ.

Mo wá fẹ́ sọ ohun kan tó kan gbogbo wa, pàápàá àwa tá a ní a mọ̀wé. Ìyàwó kan wà ní ìsọ̀, ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Èkó. Àwọn tó kó ẹrù dé ní kí obìnrin náà sanwó. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ, ọkọ sì dáhùn: "Ma sanwo fun won o." Kí ni kó ṣe? Bó bá jẹ́ "Máa sanwó fún wọn o," ẹ̀mí àwọn ọlọ́kọ̀ á balẹ̀. Bó bá jẹ́ "Má sanwó fún wọn o," ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ọkọ náà mọ ohun tó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n lẹ́tà a kan àti àmì kan tó fò ló gbé ìtumọ̀ lọ. Bí obìnrin náà bá sì ní kí fóònù kà á fún òun, fóònù á mú ọ̀kan nínú méjèèjì, á kà á láìṣiyèméjì, kò sì ní sọ fún un pé òun méfò.

Èyí ni ohun tí mo máa ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé jà lé lórí ju ti ẹni tí kò kàwé rí lọ. Ẹ̀rọ tó ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ti kọ sílẹ̀, àti ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ohùn náà sọ ní kíkọ, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tí a bá kọ nìkan ló lè mọ̀. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ju 40 mílíọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n Wikipedia Yorùbá ò ní ju àròkọ bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n àti díẹ̀. Èdè àwọn ará Finland, tí àwọn tó ń sọ ọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lọ, ní àròkọ tó lé ní 500,000. Google Translate ti ń gbọ́ Yorùbá láti 2013, àṣìṣe rẹ̀ ṣì pọ̀, tí a bá sì wá ìdí rẹ̀, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń kọ síta, a kì í fi àmì sí i, a kì í fi ẹsẹ̀ sí ẹ, ọ àti ṣ.

Wọ́n á ní fóònù ò jẹ́ kó rọrùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń to lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà ní, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ lé wọn lórí, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Ẹ̀rọ á ní láti to àmì lé lẹ́tà, ẹni kan á sì tò ó báyìí, ẹlòmíràn á tò ó bọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà á wá dà bí ọ̀rọ̀ méjì lójú ẹ̀rọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó ń wá nígbà mìíràn. Síbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí Android lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó lè fi emójì mẹ́wàá sí ìlà kan lè fi àmì sí "má".

Ibi tí ọ̀rọ̀ àmì yìí lè yọrí sí, Kúbà ti fi hàn wá. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé Ifá àti òrìṣà dání. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn ń sọ Spanish, tí Lukumí, ìyẹn Yorùbá tiwọn níbẹ̀, kì í ṣe èdè tí wọ́n fi ń ra iyọ̀ mọ́, àwọn babaláwo àti àwọn olórìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdúrà, odù àti orúkọ ewé sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pè ní libreta, ẹni kan á sì dà á kọ láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà fi wà dòní. Ṣùgbọ́n bí Spanish ṣe ń kọ lẹ́tà ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí àmì ohùn, kò sí ẹ tó yàtọ̀ sí e. Àwọn gbólóhùn kan wà níbẹ̀ báyìí tí awo Kúbà àti awo Ifẹ̀ lè jókòó tì láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọn ò ní fẹnu kò lórí ohun tó sọ. Àwọn ará Kúbà ò rí ẹni fi àmì hàn wọ́n, a ò lè dá wọn lẹ́bi. Tiwa la ò rí àwáwí fún.

Ó tó àkókò kí n dá ọmọ yín lóhùn. Ẹ sọ fún un pé mo kí i, àti pé JAMB ń dúró dè é. Ìdánwò yẹn ti kúrò lórí ìwé, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe é, torí náà ó bá ayé tó ń sọ mu. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 ni wọ́n fún un: 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ìkọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù. Ẹ ní kó pín in, á rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló bọ́ sórí ìbéèrè kan, àti kíkà àti ríronú. Kò sẹ́ni tó máa kà á sí i létí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gba ìwé kíkà kúrò nínú JAMB, ńṣe ló mú kí ẹni tí kò yá lójú jìyà sí i.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń bá a kọ àròkọ, n kò ní kí ó má lò ó. Mo lò ó rí, ó wúlò. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, àwọn lọ́yà kan ní New York fi ChatGPT wá ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílé ẹjọ́. Ẹ̀rọ náà kó ẹjọ́ jọ fún wọn, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà, ó sì fi ìdájọ́ tó dùn ún gbọ́ sí i. Àwọn ẹjọ́ náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọn ò lọ kà wọ́n kí wọ́n tó kó wọn fún adájọ́, adájọ́ sì bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Lọ́yà nìwọ̀nyẹn o, tí ìwé jẹ́ oúnjẹ wọn. Ọmọ ọdún 13 tí kò tíì lè kọ ojú ìwé kan fúnra rẹ̀, kí ló máa fi mọ̀ pé ẹ̀rọ ti purọ́ fún òun?

Bí ẹ ṣe máa dán an wò kò le, ẹ ò sì nílò láti mọ̀wé kí ẹ tó ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bá a kọ àròkọ, ẹ ní kó kà á sókè fún yín, kó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó pa fóònù dé kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bó bá sọ ọ́ já gaara, ó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ń ta kókó, tó ń sọ pé "ṣá, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé," owó lẹ́sìnì ò tíì ṣòfò.

Bí wọ́n bá bi yín bóyá orí ìwé ló ti dáa kó kàwé ni àbí orí fóònù: ní 2018, àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 54 jọ, tí àwọn èèyàn tó lé ní 170,000 wà nínú wọn, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìwé ń lóye rẹ̀ díẹ̀ ju ẹni tó kà á lójú ẹ̀rọ lọ, pàápàá bí àkókò bá há. Ní ti ìtàn, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ìjọba Sweden, tí wọ́n ti sáré gbé ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ iléèwé, ti padà ń fowó ra ìwé fún wọn láti 2023. Ti gègé àti kíbọ́ọ̀dù kò dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó lókìkí jáde ní 2014 pé akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kọ nóòtì lóye ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe, àbájáde náà ò dúró ṣinṣin mọ́. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ kankan fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Kó ṣáà máa kọ ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú ara rẹ̀.

Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ o. Ẹ ti mọ èdè náà tinú tòde. Ẹ ò ní máa kọ́ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ tuntun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà Yorùbá kì í sì í yí ohùn padà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì: bí ẹ bá ti mọ "gb" lónìí, bẹ́ẹ̀ ló máa dún títí ayé. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọdé nìyẹn, ẹ̀yin sì jẹ́ àgbà, ṣùgbọ́n ohun tí èmi náà ń rí ní kíláàsì kò yàtọ̀: ẹni tó bá ti lè ka Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì inú alẹ́ẹ̀tì àti ti ara páálí oògùn kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń sá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé gbèsè yín dání, àti fóònù yín. Ẹ ní kí olùkọ́ fi orúkọ àwọn oníbàárà yín kọ́ yín ní lẹ́tà, kó fi alẹ́ẹ̀tì yín kọ́ yín ní kíkà. Bí kíláàsì ọ̀rẹ́ yín bá jìnnà, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ètò ẹ̀kọ́ àgbà wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà sì ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún un láti 1990. Kíláàsì tó bá ní kí ẹ máa kọrin A, B, D fún oṣù kan gbáko kí ẹ tó kọ orúkọ ara yín, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.